Bọ́tì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọ̀ọ̀

Tísà Ọ̀nàfúwà kọ ọ́ sójú pátákó:
ọ̀rọ̀-asopọ̀, ọ̀rọ̀-atọ́kùn.
Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Ẹni tó ti ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ láti ogójì ọdún,
ta ni yóò tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so nǹkan pọ̀?
Ta ni yóò fi ọ̀nà okùn hàn án?

Alẹ́ Ọjọ́rú ni. Iná ti lọ.
A gbé iná sólà kọ́ ojú fèrèsé,
àwa mẹ́sàn-án jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì kìíní,
orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Ó ní ańdì kì í ṣojúsàájú.
Ó ń so orúkọ mọ́ orúkọ, ó ń so ìṣe mọ́ ìṣe,
ó ń so inú ọkọ̀ mọ́ orí omi,
abẹ́ afárá mọ́ ẹ̀yìn ọgbà.
Ìyẹn yà mí lẹ́nu.
Bí mo bá wí léwe pé, "Mo jí àti mo wẹ̀,"
ìyá mi á ní, "Ta ló kọ́ ọ ní irú Yorùbá yẹn?
Mo jí, mo sì wẹ̀."
Àti wà fún ẹja àti iyọ̀.
Sì ní tirẹ̀ a yọ́ wọ àárín olùwà àti ìṣe,
bí abẹ́rẹ́ tí ń wá ibi tí àwọ̀n ti ya.
Òyìnbó ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀:
kókó kan náà ni wọ́n ń ta sí gbogbo ojú àwọ̀n.

Ṣèfíátù aránṣọ béèrè nípa òjò.
Tísà kọ ọ́ fún un: bífọ̀ ańdì áfítà.
Ó parí. Kò sí ohun tó rọ̀.
Ní tiwa, òjò gbọ́dọ̀ rọ̀ ná:
kí òjò tó rọ̀, àti lẹ́yìn tó dá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ayé yín,
kí asopọ̀ àti atọ́kùn pàdé nínú rẹ̀.

Mo jókòó tì í títí àkùkọ fi kọ.
Mo kọ ọ́ pé ìjì bá wa láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn,
pé mo jáde láti inú omi,
bọ́tì Lìàdì
Ibẹ̀ ni bírò dúró.
Lìàdì ẹ̀gbọ́n mi, tó tì mí gun ìdí ọkọ̀ tó ti dojú dé,
tó ní, "Di ibẹ̀ mú, Mọ́mọ̀dù,"
bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́ kékeré.

Tísà gba ìwé náà. Kò fi bírò pupa kàn án.
Ó ṣí ojú ewé tuntun,
ó mú bọ́tì wá síwájú gbólóhùn,
ó fi fọ̀ọ̀ tì í, ó kọ Lìàdì tẹ̀ lé e.
Ó ní, "Bí bọ́tì bá ti jókòó ti fọ̀ọ̀,
kì í ṣe ṣùgbọ́n mọ́."
Mo ní kí ló wá dà?
Ó wo ìta, níbi tí ọ̀sà dúdú bí ẹyin ojú.
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Ọpẹ́lọpẹ́," ló wí.
"Ọpẹ́lọpẹ́ Lìàdì."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ni mo ti ń so ṣùgbọ́n mọ́ orúkọ yẹn.

Ṣèfíátù ní, "Ṣé ó máa jáde nínú ìdánwò?"
Tísà ní òun ò mọ̀.
Mo gba Máríínà lọ sílé,
láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ àti omi tí kò ṣe é so,
mo ń wí i ṣáá, bọ́tì fọ̀ọ̀, bọ́tì fọ̀ọ̀,
bí ẹni ń ka ojú àwọ̀n.